Àìsàn Kan, Oògùn Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí Ibi Tí Aláìsàn Ń Gbé Ṣe Ń Yan Oògùn MS Fún Un

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin apoògùn, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí àìsàn yìí wà lára yín tàbí lára ẹni tí ẹ ń tọ́jú, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ooru. Ooru kì í bá ẹni tó ní MS, ìyẹn multiple sclerosis, lára mu, ẹsẹ̀ ẹlòmíì sì máa ń le bó bá jókòó pẹ́. Ẹ dìde nígbà tó bá wù yín, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ jáde lọ gba atẹ́gùn kẹ́ ẹ tún wọlé. Kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Ìbéèrè kan ló kó wa jọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ìyá mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin ni wọ́n, MS ló sì ń ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n pátápátá ń gbé ní Cardiff ní ilẹ̀ Wales. Ẹni tó tẹ̀ lé e ń gbé ní Bristol, ní òdìkejì odò Severn, ní ilẹ̀ England. Ẹ̀kẹta wà ní Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àbíkẹ́yìn wọn wà nílé, níbí, ní Ìbàdàn. Bí a bá tú àpò oògùn àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a má rí méjì tó jọra. Kí ló fà á? Ṣé àìsàn wọn ló yàtọ̀? Ṣé dókítà ọ̀kan ló gbọ́n ju ti èkejì lọ?

Rárá o. Ohun tí mo wá sọ nìyí, ẹ̀ka rẹ̀ ni gbogbo ìyókù: lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí aláìsàn ń gbé ti yan oògùn fún un kí àìsàn fúnra rẹ̀ tó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, oògùn tó ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò sì wọ́n tó ìyókù, ti wà ní tòsí wa, bí a bá mọ bí a ṣe ń lò ó.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Ẹ wo wáyà iná. Bàbà wà nínú, rọ́bà bò ó. Bí eku bá jẹ rọ́bà náà, iná á máa ṣẹ́jú, ó sì lè kú pátápátá. Iṣan inú ọpọlọ, ti inú eegun ẹ̀yìn, àti èyí tó so ojú mọ́ ọpọlọ ní irú rọ́bà bẹ́ẹ̀. Myelin lorúkọ rẹ̀. Nínú MS, àwọn sójà ara, tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn, ló kọjú sí myelin tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Ibi tí wọ́n bá jẹ ló ń sọ ohun tí yóò ṣe aláìsàn: ojú á ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ á kú tàbí kó le, ìtọ̀ á máa bọ́. Jean-Martin Charcot ló kọ́kọ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ ní Paris lọ́dún 1868. Àkójọ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 2020 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 èèyàn ló ní in láyé, obìnrin inú wọn sì tó ìlọ́po méjì ọkùnrin.

Oògùn ìkọlù, ìyẹn èyí tí a ń lò nígbà tí àìsàn náà bá dìde lójijì, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Methylprednisolone ni, gíráàmù 1 lójúmọ́ nínú dírípù fún ọjọ́ 3 sí 5, tàbí èyí tí wọ́n ń gbé mì, mílígíráàmù 500 fún ọjọ́ 5 bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìlú Ọba. Ó ń mú kí ìkọlù náà tètè lọ, kò dí èyí tó ń bọ̀ lọ́nà. Oògùn tó ń dí ìkọlù lọ́nà ni ọ̀nà ti pín.

Ẹ̀ka kìíní: ibodè tí oògùn ń gbà wọ ìlú

Ṣáájú 1993, kò sí oògùn kankan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí láti dín ọwọ́ MS kù. Ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí interferon beta-1b, abẹ́rẹ́ tí aláìsàn ń gún fúnra rẹ̀: bó bá gún un lónìí, á fo ọ̀la, á tún gún un lọ́túnla. Ó ń dín ìkọlù kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ. Ní 1996, Avonex dé, glatiramer náà dé láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì.

Ẹ wá wo bí ibodè ṣe ń ṣe. Interferon beta-1a ló wà nínú Avonex, òun náà ló wà nínú Rebif. Avonex jẹ́ máíkírógíráàmù 30 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sínú ẹran itan. Rebif jẹ́ 44 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ sábẹ́ awọ. Yúróòpù fọwọ́ sí Rebif ní 1998. Amẹ́ríkà ò gbà á wọlé títí di 2002. Kí ló dá a dúró? Òfin Amẹ́ríkà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ mú oògùn àìsàn tí kò wọ́pọ̀ wọlé ní ọdún 7 tí ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ fi mú irú rẹ̀ wá. Avonex ló wà nínú ọdún 7 yẹn. Rebif ní láti fi ìdánwò hàn pé òun ṣiṣẹ́ ju Avonex lọ kí wọ́n tó ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Ó ṣe ìdánwò náà, ó yege, ó wọlé. Ọdún mẹ́rin yẹn, òfin ọjà ló ya ará Lọ́ńdọ̀nù sọ́tọ̀ kúrò lára ará Chicago.

Ti cladribine tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn oníhóró ni. Rọ́ṣíà àti Ọsirélíà fọwọ́ sí i ní 2010. Yúróòpù ní rárá, Amẹ́ríkà ní rárá, nítorí ẹ̀rù jẹjẹrẹ tó hàn lára àwọn díẹ̀ nínú ìdánwò. Ní 2011 ilé iṣẹ́ tó ni ín kó o kúrò lọ́jà. Wọ́n tún ń ṣọ́ àwọn tó ti lò ó fún ọdún púpọ̀ sí i. Yúróòpù yí ọkàn padà ní 2017, Amẹ́ríkà ní 2019. Oògùn kan náà, hóró kan náà, ọdún 9 láàárín ẹni tó kọ́kọ́ gbà á àti ẹni tó gbà á kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi hóró náà hàn yín, nítorí ó yàtọ̀ sí oògùn tí a mọ̀. Mílígíráàmù 10 ni hóró kan. Bí obìnrin kan bá wọn kílò 55, hóró 5 ló máa lò ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀kan lójúmọ́. Ó parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, á tún lo hóró 5. Ó tán fún ọdún yẹn. Lọ́dún kejì á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Hóró 20 lọ́dún méjì, kò sì ní lo òmíràn fún ọdún kẹta àti ìkẹrin. Kò nílò fíríìjì, kò nílò dírípù. Ohun tó nílò ni kí wọ́n ka sójà inú ẹ̀jẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, àti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí iye wọn máa ń wálẹ̀, herpes zoster, àrùn tó ń yọ ìléròrò sí awọ, sì lè dìde. Obìnrin tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ lóyún, ó kéré tán títí oṣù 6 lẹ́yìn hóró tó lò kẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, ìlú méjì á fọwọ́ sí oògùn kan, ọ̀rọ̀ inú ìwé àṣẹ ni kò ní bára mu. Amẹ́ríkà gbà fingolimod ní 2010 fún ẹnikẹ́ni tí MS rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Yúróòpù gbà á ní 2011, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí àìsàn rẹ̀ le gan-an, tàbí tí oògùn mìíràn ti kùnà lára rẹ̀, nìkan ni kó lò ó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Oògùn nìkan kọ́ ni ìlú ń rà, ohun tó yí oògùn ká náà ni. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí natalizumab ní oṣù kọkànlá 2004. Ní oṣù kejì 2005 wọ́n kó o kúrò, nítorí kòkòrò JC, tó ń sùn lára ọ̀pọ̀ wa láìṣe ohunkóhun, jí lára àwọn kan tó ń lò ó, ó sì kọlu ọpọlọ wọn. Ó padà ní oṣù kẹfà 2006, pẹ̀lú òfin tó le: kí wọ́n máa ṣọ́ aláìsàn, kí wọ́n máa ya MRI, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ; nígbà tí àyẹ̀wò JC dé lẹ́yìn náà, wọ́n fi kún un pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un ní oṣù 6 sí oṣù 6. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lo fingolimod ní láti jókòó wákàtí 6 kí wọ́n máa wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Alemtuzumab, oògùn MS mìíràn, ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù fún oṣù 48 lẹ́yìn dírípù tó kẹ́yìn. Ẹ rò ó wò. Ibi tí ẹ̀rọ MRI kan wà fún odindi ìpínlẹ̀, tí aláìsàn sì ń fi owó ara rẹ̀ san án, ta ló fẹ́ lo natalizumab kó sì sùn?

Ẹ̀ka kejì: ta ló ń sanwó?

Àwọn àgbà ní oògùn tí a ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ẹ̀ka yìí ló gùn jù, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà ní Cardiff àti Bristol. Afárá ló wà láàárín wọn. Ká ní ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ń le bí igi, tí baclofen, oògùn tó ń dẹ iṣan, ò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ Sativex, tí wọ́n ń fọ́n sínú ẹnu, láti ara igbó ni wọ́n ti ṣe é. Kì í ṣe pé kéèyàn lọ máa fa igbó o. Ìwọ̀n rẹ̀ ti pé, dókítà ló sì ń kọ ọ́. Wales gbà láti máa fún aláìsàn rẹ̀ láti 2014. NICE, ìgbìmọ̀ tó ń wọn oògùn fún England, kò gbà á títí di oṣù kọkànlá 2019. Nígbà tí wọ́n gbà á, wọ́n ní kí aláìsàn kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ 4, kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é san owó ọ̀sẹ̀ 4 yẹn, bí líle ẹsẹ̀ náà ò bá sì fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, kí wọ́n dá a dúró. Fún ọdún 5, ẹ̀gbọ́n ní Cardiff lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àbúrò ní Bristol ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí fóònù. Fampridine tó ń ran ìrìn lọ́wọ́, mílígíráàmù 10 láàárọ̀ àti 10 lálẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: Wales gbà, England ní owó rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Èmi ò bá NICE jà pé wọ́n ń ṣírò owó. Ẹni tí kò bá ṣírò, ẹlòmíì ló máa fi ebi pa. Ní 2002, wọ́n ní interferon àti glatiramer ti wọ́n jù. Àwọn aláìsàn fárígá. Ìjọba bá àwọn ilé iṣẹ́ dá májẹ̀mú: a ó fún àwọn èèyàn wa ní oògùn yín, a ó máa ṣọ́ nǹkan bí aláìsàn 5,000 fún ọdún 10, bí oògùn náà ò bá ṣe tó bí ẹ ṣe ṣèlérí, ẹ ó já owó rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi pọ́ùn 36,000 ṣe òṣùwọ̀n fún iye tí ọdún kan ìlera pípé gbọ́dọ̀ ná wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí oògùn gbà nípasẹ̀ májẹ̀mú yẹn. Mo gbà pé ó dára ju kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa lọ.

Ẹni tó wà ní Houston ńkọ́? Oògùn ò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló wà. Owó ni wàhálà. Nígbà tí àwọn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ jáde, dọ́là 8,000 sí 11,000 ni wọ́n ń ná lọ́dún kan. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó ti di nǹkan bí 60,000. Àbẹ́rẹ́ àtijọ́ náà ni o, kò sí ohun tuntun tí wọ́n fi kún un. Ní gbogbo ọjà tí a mọ̀, bí ọjà tuntun bá dé, owó ti àtijọ́ á wálẹ̀. Níbẹ̀, bí oògùn tuntun bá dé pẹ̀lú owó gegere, ti àtijọ́ á gòkè lọ bá a. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ilé iṣẹ́ adójútòfò á wá sọ pé kí aláìsàn kọ́kọ́ lo èyí tí àwọn yàn, bó bá kùnà kó tó bọ́ sórí èyí tí dókítà rẹ̀ kọ. Kí ni kí oògùn kùnà túmọ̀ sí nínú MS? Ó túmọ̀ sí pé ìkọlù mìíràn ti dé, ibòmíràn ti jóná nínú ọpọlọ. Myelin tí wọ́n ti jẹ kì í sábà padà bọ̀ sípò pátápátá.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ wo Íránì. Aláìsàn MS pọ̀ níbẹ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè sì ṣòro fún wọn. Ní 2006 wọ́n gbé CinnoVex jáde, interferon beta-1a tí wọ́n ṣe fúnra wọn ní ilé. Wọn ò dúró síbẹ̀, wọ́n ń ṣe rituximab tiwọn, wọ́n sì ń ṣe ocrelizumab tiwọn.

Mo dárúkọ rituximab. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Rituximab jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1997. Ó ń pa ẹgbẹ́ kan nínú àwọn sójà ara, àwọn tí wọ́n ń pè ní B cell. Ní 2008, ìdánwò kan pẹ̀lú aláìsàn MS 104 fi hàn pé ó ń pa iná MS. Ẹ ò rò pé ìwé àṣẹ ló kàn? Rárá. Àkókò tó kù kí ẹ̀tọ́ ilé iṣẹ́ lórí oògùn yẹn parí kò pọ̀ mọ́, wọ́n sì ti ní àbúrò rẹ̀, ocrelizumab, tó ń ṣe iṣẹ́ tó jọra. Ocrelizumab ni wọ́n gbé síwájú. Amẹ́ríkà gbà á ní 2017, Yúróòpù ní 2018, ó dára, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún MS tó ń burú sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ láìlọ láìbọ̀. Ṣùgbọ́n rituximab ò gba ìwé àṣẹ MS rárá.

Àwọn dókítà Sweden ò dúró de ìwé. Wọ́n ń kọ rituximab fún MS láìka pé ìwé oògùn náà kò dárúkọ rẹ̀, wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo aláìsàn sínú ìwé ìṣirò orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ń ṣọ́ wọn. Ó di oògùn tí wọ́n ń lò jù fún MS níbẹ̀. Ní 2022 wọ́n gbé àbọ̀ ìdánwò kan jáde: aláìsàn 200, wọ́n pín wọn sí méjì, apá kan gba rituximab, apá kan gba dimethyl fumarate, oògùn MS mìíràn tí wọ́n ń gbé mì. Lọ́dún méjì, ìkọlù dé bá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti rituximab, ó dé bá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kù. Norway náà ń lo rituximab. Denmark tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí èdè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, di ocrelizumab mú ní tiwọn. Àìsàn kan náà ni, òtútù kan náà ni.

Ẹ̀ka kẹta: ṣé MS ni lóòótọ́?

Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin dókítà. Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú.

Ní Japan, wọ́n máa ń rí irú MS kan tó ń kọlu ojú àti eegun ẹ̀yìn nìkan. Wọ́n fún àwọn aláìsàn yẹn ní interferon bí ará Yúróòpù ṣe ń ṣe, ara àwọn kan burú sí i. Ní 2004, àwọn onímọ̀ Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà àti ti Sendai ní Japan rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí kò sí nínú ti MS. Aquaporin-4, èròjà kan tó wà nínú ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn, ni ohun tó ń kọlù. Àìsàn mìíràn ni, neuromyelitis optica, NMO. Interferon, fingolimod àti natalizumab lè mú un burú sí i.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. NMO wọ́pọ̀ lára àwọn èèyàn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà ju ara aláwọ̀ funfun lọ. Ní Martinique, níbi tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó pọ̀ ju ti Yúróòpù lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti UCH níbí ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé NMO wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí MS sì ṣọ̀wọ́n lára wọn. Kò sí àyẹ̀wò aquaporin nígbà yẹn, ojú lásán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ má torí bẹ́ẹ̀ sọ pé MS kì í ṣe aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan ní gúúsù California, tó jáde ní 2013, rí i pé iye obìnrin aláwọ̀ dúdú tí MS ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ìkìlọ̀ mi ni pé kí a yẹ ẹ wò. Bí ojú méjèèjì bá lọ pọ̀, bí MRI bá fi hàn pé ọgbẹ́ inú eegun ẹ̀yìn gùn tó eegun mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí aláìsàn bá ń sé òsúkè tàbí tó ń bì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí inú ò sì ṣe é, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún aquaporin-4. Ẹ béèrè lọ́wọ́ láàbù bóyá èyí tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì ṣe ni, nítorí ELISA, oríṣi àyẹ̀wò mìíràn, máa ń parọ́ nígbà mìíràn. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ìkọlù, bó bá ṣeé ṣe.

Bí àyẹ̀wò náà bá pẹ́ kó tó dé láti òkèèrè ńkọ́? Rituximab ń ṣiṣẹ́ nínú MS, ó ń ṣiṣẹ́ nínú NMO. Kò sí interferon tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ tí àyẹ̀wò ti wọ́n bí ojú, ìyẹn nìkan tó ìdí láti fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀ka kẹrin: ìwé tuntun WHO, àti bí a ṣe ń lo rituximab

Láti 1977 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbé àkójọ oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní ìlú kankan jáde. Wọ́n gbé oògùn MS lọ bá wọn ní 2019, wọ́n dá a padà. Ní oṣù keje 2023, wọ́n gba mẹ́ta: cladribine, glatiramer àti rituximab. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí MS máa wà lórí àkójọ náà. Wọ́n gba rituximab láìwo ti pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò gbàwé àṣẹ MS. Àkójọ náà kì í ra oògùn fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó fún wa ní ohun tí a lè gbé síwájú àwọn tó ń ṣètò adójútòfò ìlera, ní Àbújá àti ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ti mọ rituximab. Nọ́ọ̀sì wọn ti ń gbé e kọ́.

Àwọn ohun tó ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ kí a mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, hepatitis B. Ó pọ̀ láàárín wa. Rituximab lè jí i, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ títí dé ojú ikú. Àyẹ̀wò onílà kékeré tí láàbù sábà máa ń ṣe, HBsAg, kò tó. Ẹ ṣe anti-HBc pẹ̀lú, nítorí kòkòrò náà lè sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ kí HBsAg sì sọ pé kò sí nǹkan. Bí èyíkéyìí bá wà, kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ tenofovir tàbí entecavir kó tó gba rituximab, kó sì máa lò ó títí ó kéré tán oṣù 12 lẹ́yìn rituximab tó kẹ́yìn. Ẹ yẹ HIV àti ikọ́ ẹ̀gbẹ wò pẹ̀lú. Ẹ wọn IgG, ohun ìjà tí ara fi ń lé àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún, nítorí ó máa ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí àìsàn bíi otútù àyà á fi máa wọlé.

Ìkejì ni àjẹsára. Àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ti kú, ẹ gbà á ní ọ̀sẹ̀ 4 kí rituximab tó bẹ̀rẹ̀. Ti ibà pọ́njú, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fún wa ní yẹ́lò káàdì, kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè. Ẹni tó bá ti wà lórí rituximab kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ tí ẹ ń bọ̀ láti Ìlú Ọba, ẹ yanjú yẹ́lò káàdì yín pẹ̀lú dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gba lẹ́tà pé ara yín kò gbà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún yín ní pápákọ̀ òfurufú nítorí kí ẹ lè tètè kọjá.

Ìkẹta ni òtútù. Ìgò mílígíráàmù 100 ló wà, ìgò 500 ló wà. Láti 2 sí 8 ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì ló gbọ́dọ̀ wà, kò gbọ́dọ̀ di yìnyín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ mì í. Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀ nínú kúlà, ẹ fi aṣọ sí àárín rẹ̀ àti áìsì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ sì béèrè ibi tó sùn nígbà tí iná lọ.

Ní ọjọ́ dírípù, kí aláìsàn má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí dókítà bá gbà, nítorí ìfúnpá máa ń já. Ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, paracetamol gíráàmù 1, oògùn ara yínyún, àti methylprednisolone mílígíráàmù 100 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà Sweden ni mílígíráàmù 1,000 ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 500 ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ po 1,000 náà mọ́ omi iyọ̀ kó jẹ́ mílílítà 500 lápapọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílígíráàmù 50 ní wákàtí kan, ìyẹn mílílítà 25. Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, ẹ fi 50 kún un, títí dé 400. Bí kò bá sí wàhálà, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 15 ló máa gbà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ dírípù tàbí tí iná bá lọ, ẹ fi ojú kà á: pẹ̀lú okùn tó ń kán 20 fún mílílítà kan, ìkán 8 ní ìṣẹ́jú kan ni ìbẹ̀rẹ̀, ìkán 67 ni òpin. Nọ́ọ̀sì tó bá ń yára torí pé ilẹ̀ ti ń ṣú ló ń fa wàhálà. Bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí yún un, tí ọ̀nà ọ̀fun fún pọ̀, tí ó ń gbọ̀n, ẹ dá dírípù náà dúró. Ẹ dúró kó lọ tán, kẹ́ ẹ tún fi ìdajì eré bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá lè mí dáadáa tàbí tí ìfúnpá já gidi, adrenaline ni, ẹ má sì tún gbé dírípù náà kọ́ mọ́. Kí adrenaline àti ọ́síjìn wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ìkán kìíní tó bọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú káàdì kan fún aláìsàn: orúkọ oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tó máa gba òmíràn, àbọ̀ HBsAg àti anti-HBc, àbọ̀ aquaporin-4, IgG rẹ̀. Bí àbúrò tó wà ní Ìbàdàn bá wọkọ̀ òfurufú lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Cardiff, kí dókítà ibẹ̀ lè ka káàdì yẹn, kó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ẹ ṣé tí ẹ fetí sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ tó ti ń dìde lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ màmá tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, kí wọ́n lè tètè lọ sinmi.